Orúkọ Tí Màmá Mi Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Àwọn tó mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, níbi tí mo ti ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà ní Ìkọ̀lé, máa ń rò pé èmi ni mo le jù ní ìdílé wa. Wọn ò mọ màmá mi. Ẹnu lásán ni èmi ní. Tí màmá mi bá gbé ẹrù kan lérí, á rẹ ọ̀nà kó tó rẹ òun. Tí mo bá sì ń sọ pé màmá mi ṣe báyìí, ó sọ báyìí, kí ará Ọ̀yọ́ má bínú. Èkìtì ni wá, ọ̀wọ̀ tiwa kò pọ̀ nínú “wọ́n” bó ṣe pọ̀ nínú orúkọ, ọ̀rọ̀ orúkọ náà ni mo sì ń bọ̀ wá sọ. Ọdún tí mò ń wí yìí, garawa kékeré ni mo ṣì fi ń pọnmi. Ariwo ni ilé wa fi ń mí nígbà yẹn. Odó Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń jí wa, torí àwa ò gbà pé iyán ní àkókò tirẹ̀. Tí odó bá dákẹ́, ìgbálẹ̀ á gbà á. Tí ìgbálẹ̀ bá dákẹ́, bàbá mi á tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni bàbá mi fi ń jẹun, ó máa ń gbé àpótí ohùn ńláńlá lọ síbi ìsìnkú àti ìkómọ láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, Bàbá Ẹlẹ́rọ sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Àwọn ẹlòmíràn ní kòkó, síìdì ni bàbá mi ní. Ó kún inú páálí, ó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún inú àpótí irin tí màmá mi gbé wá sílé ọkọ, débi pé àpò ìrẹsì ni aṣọ màmá mi ń gbé. Bàbá mi ò kàwé. Àwòrán ara páálí síìdì ló fi ń dá wọn mọ̀. “Fọlákẹ́, mú onífìlà ẹ̀gbẹ́ wá. Rárá, kì í ṣe èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tí inú ń bí.”

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà burú. Eruku ọyẹ́ wọnú ilé, ó wọnú ọbẹ̀, ó wọnú síìdì. Ìsìnkú ìyá arúgbó kan ní Odò-Orò ló tú wa fó. Wọ́n ń gbé pósí jáde, bàbá mi fi orin ìdágbére sí i, àwọn èèyàn ń sunkún bó ṣe yẹ. Orin dé ibi tó ti ní ó dìgbóṣe, síìdì há. Ó dì, ó dì, ó dì, ó dì. Àwọn tó gbé pósí ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ ni tàbí kí wọ́n dúró, wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n tún gbé e padà, pósí ń lọ síwá sẹ́yìn lórí wọn. Àna olóògbé kan, ọkùnrin tó ti mu ẹmu díẹ̀, sọ ọ́ sókè pé: “Ẹ sọ ìyá kalẹ̀, wọn ò tíì fẹ́ lọ.” Ẹ̀rín ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fi ìsìnkú rẹ́rìn-ín nìyẹn, ẹ̀rọ wa ló sì fà á. Bí a ṣe dé ilé, màmá mi wọ ilé ìdáná. Ó gún iyán, ó gbé e ka iwájú bàbá mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó wá kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ tó bá ti pinnu ohun tí kò ní gbàmọ̀ràn lé lórí.

“Bàbá Fọlákẹ́, gbogbo orin inú ilé yìí máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Mo rí i lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ kan ní Ìdó. Kò mú síìdì kankan dání, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, orin ń jáde.”

Bàbá mi ti bu òkèlè. “Ta ló máa kó wọn wọ ibẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ tó o ka ìwé mẹ́fà?”

“Mẹ́fà náà ni mo máa fi kó o. Ẹ jẹun, kó má tutù.”

Màmá mi ta ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé àlòkù kọ̀ǹpútà kan wá láti Adó. Orí rẹ̀ tóbi bí orí màlúù, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Yèyé fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án, ó yí i po. “Ùyàwó, kí lo tún gbé wọ ulé yìí?” Màmá mi ní, “Ibi tí orin á máa sùn ni, Yèyé.” Yèyé ní, “Ó ti ń sùn ìta tẹ́lẹ̀ ni?” Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ gbé àga síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gba orin kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ò mọ ìyà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n nu síìdì. Sínglẹ́ẹ̀tì bàbá mi tó ti gbó ni mo fi ń nù ún, láti àárín lọ sí etí, mi ò sì gbọ́dọ̀ nù ún yípo bí ẹni ń nu àwo oúnjẹ. Èyí tó bá ti họ púpọ̀, màmá mi á fi ọṣẹ ìfọyín pa á lára, á fi ìka rọra rà á bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun, ọṣẹ ìfọyín wa sì ń tán kí eyín wa tó mọ́. Lẹ́yìn náà á kì í bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, a ó máa wò ó. Kọ̀ǹpútà á kùn, á kùn, á dá ọ̀kan mì, àá mú òmíràn. Nígbà míì á gbé síìdì mì, á kọ̀ láti pọ̀ ọ́. Màmá mi á yọ pínnì lórí ara rẹ̀, á fi gún ihò kékeré kan ní ìdí ẹnu náà, á sì là á tipátipá. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, iná á lọ nígbà tí orin bá kù díẹ̀ kó wọlé tán, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò lọ́tùn-ún lósì ní ọdún yẹn, a jẹ ẹ́, a ò sọ̀rọ̀. Àwọn ará àdúgbò á yọjú lójú fèrèsé. “Ìyá Fọlákẹ́, ṣé àwọn olórin náà ń rí èémí mí nínú ibẹ̀?” Màmá mi ò ní yíjú. “Wọ́n ń mí jù yín lọ.” Yèyé nìkan ni kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nígbà tó yá. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, pé tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí olóko wá pariwo.

Wàhálà tó kù ni pé kọ̀ǹpútà náà ò mọ ẹnikẹ́ni. Bí orin bá ti wọlé, nọ́ńbà lásán ló ń fún un, á ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Màmá mi ló wá ń sọ wọ́n lórúkọ. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, á máa wá lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, tó bá rí i, á fi ìka gún un mọ́lẹ̀ kó má baà sá. Àárọ̀ tí èmi bá wà nílé ìwé ló máa ń tẹ èyí tó pọ̀ jù. Tí kò bá mọ orúkọ olórin, ohun tí orin náà ṣe láyé ló ń kọ: Orin Tí Ìyá Ẹlẹ́ran Fi Ṣubú Lórí Àga. Orin Ìkómọ Tí Òjò Lé. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí bí àwa náà ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni màmá mi. Kì í ṣe bíi ti ìyàwó ìsinsìnyí tó ń pe àbúrò ọkọ ní orúkọ gbàù bí ẹni ń pe ọlọ́kadà. Gbogbo ẹni tó bá ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákòrò, kò sì jẹ́ pe orúkọ wọn títí ilẹ̀ á fi pa á mọ́. Orúkọ tó fún wọn fúnra rẹ̀ ló ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó sanra ń jẹ́ Ìbàdíàrán. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, Ayọ̀délé, tí eyín rẹ̀ tò tí ó sì funfun, ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún. Ayọ̀délé yìí olórin ni. Síìdì kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀ kó tó kó lọ sí Òkè Ọya nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, ó sì wà nínú páálí bàbá mi. Ọjọ́ tó kàn án láti wọ kọ̀ǹpútà, ilé ìwé ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ohun tí màmá mi tẹ̀. Ẹ dákun, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ. Àwa tó ń gbé nínú ilé náà ò mọ̀.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀, tí ìrẹsì Yèyé ń yọrí lóko, iṣẹ́ parí. Orin wọlé tán. Bàbá mi tẹ kọ̀ǹpútà níbi ìkómọ kan, màmá mi ń bá a ka orúkọ, kò há, kò fò, ó sì wá ń rìn bí ẹni tó jogún. Ẹyẹ ẹ̀gà ní tiwọn ti sọ̀kalẹ̀ sórí ìrẹsì Yèyé, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè. Yèyé wo àwọn síìdì tó ń tàn yòò nínú agbada ńlá tí màmá mi kó wọn sí. Ó ní, “Ṣé ìwọ̀nyí sì tún ní uṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe?” Màmá mi ní wọn ò ní iṣẹ́ mọ́. A fi okùn so wọ́n mọ́ igi yí oko ká. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo oko á máa ṣẹ́jú. Ẹ̀gà sá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n padà wá, wọ́n ń wo ojú ara wọn nínú rẹ̀ bíi dígí, wọ́n sì ń jẹun lọ. Ṣùgbọ́n Yèyé ní oko òun ti lẹ́wà, òun ò tú u mọ́.

Bí Ayọ̀délé ṣe dé nìyẹn láìránṣẹ́ ṣáájú, lọ́jọ́ ọjà Ìlógbò. Màmá mi ti lọ sọ́jà, bàbá mi ti gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ lọ síbi ìsìnkú ní Ayédé, ìwàásù nìkan ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, kò gbé kọ̀ǹpútà dání, èmi àti Yèyé nìkan ló wà nílé. Ọkùnrin gíga kan wọlé pẹ̀lú báàgì. Yèyé mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, torí nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ họ ìdí ìkòkò. Àrùn kan ti mú un lọ́fun, wọ́n sì ti là á níbẹ̀. Yèyé fọwọ́ kan ojú àpá náà, ó lọ gbé iṣu kaná.

“Ìwọ ni Fọlákẹ́ tó máa ń tọ̀ sí mi lára?” ni ó bi mí. Mo ní mi ò rántí. Ó ní òun rántí. Ó wá sọ ohun tó bá wá. Síìdì tí òun ní lọ́wọ́, omíyalé ti gbé e lọ. Gbogbo ẹni tó ní in ní Ìkọ̀lé tí òun ti yà lọ́dọ̀ wọn kí òun tó délé, tiwọn ti bàjẹ́. “Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ nìkan ló kù. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbàgbé bí mo ṣe ń dún.”

Inú mi dùn, torí iná wà, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà sì ni mí. Mo tàn án, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, mo tẹ Ayọ̀délé. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Mo tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí. Mo tẹ Délé nìkan. Ó gbé oníwàásù kan wá. Ayọ̀délé dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń fọn lójú àpá ọ̀fun. “Gbogbo orin ilé yìí ló wà níbẹ̀?” Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. “Ta ló kó wọn síbẹ̀?” Mo ní màmá mi ni. Ó ní, “Ó dáa.” Irú ó dáa tí kò dáa. Iná sì lọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Yèyé ní kó fara balẹ̀ kó jẹ iyán, kí ìyàwó tó dé. Kò jẹ ẹ́. Ó ní síìdì fúnra rẹ̀ dà? Ni mo bá mú un lọ sóko.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, mi ò tíì rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín tó sì dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti àgbàlagbà tó ń lọ láti orí igi dé orí igi nínú oko ìrẹsì, tó ń yí síìdì wò, tí ẹ̀gà sì ń wò ó. Ìpẹ̀kun oko ló ti rí i. Oòrùn ti jẹ ojú rẹ̀ lára àwòrán, fìlà ló kù. Ó gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé asẹ́ ni. Ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀ síbẹ̀. “Ẹ̀gà ni mo kọrin fún,” ni ó wí, ó sì so ó padà sórí igi, ó ta okùn náà dáadáa. Nígbà tí màmá mi fi máa ti ọjà dé, báàgì Ayọ̀délé ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Yèyé sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá dí i.

“Ìyàwó, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Gbogbo ayé ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ, àfi èmi.”

Màmá mi sọ ẹrù kalẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ta ló ní ẹ ò sí níbẹ̀?”

“Fọlákẹ́ tẹ orúkọ mi.”

“Orúkọ yín wo?”

“Èwo tún ni orúkọ mi wo? Orúkọ mi.”

Màmá mi wò mí bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ nínú kànga. Ó ní, “Ṣé iná wà?” Mo ní kò sí. Ó yọ gbogbo okùn kọ̀ǹpútà, ó ká aṣọ ṣe òṣùká, ó gbé orí màlúù náà lé orí ara rẹ̀. Ó ní kí Ayọ̀délé gbé àpótí rẹ̀, kí èmi gbé èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Eruku ọjà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A tò sí ojú títì, Yèyé ń fi ọ̀pá tẹ̀lé wa lẹ́yìn. Ìyá alágbo béèrè pé, “Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ẹ ń kó lọ ni?” Màmá mi ní, “A ń lọ fẹ́yàwó fún kọ̀ǹpútà.” Ṣọ́ọ̀bù onífárí la lọ, torí òun nìkan ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ń fá orí ọkùnrin kan lọ́wọ́, ó ti fá a dé ìdajì. Màmá mi kí wọn, ó yọ okùn ẹ̀rọ ìfárí, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ń fárí ní, “Ìyá, orí mi ńkọ́?” Màmá mi ní, “Kò ní sá lọ.”

Kọ̀ǹpútà náà ò yára láyé rẹ̀, kò sì yára lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jí tán, màmá mi fi ìka kan ṣoṣo yẹn wá a lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, ó dúró. Ó ní kí Ayọ̀délé kà á. Ayọ̀délé tẹ̀ ba. Ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kà á: “Eyínmẹ́nugún.” Màmá mi tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ohùn, odó ni, gbì, gbì, gbì, odó ilé wa, bó ṣe máa ń dún láàárọ̀ kí ojú mi tó là. Ayọ̀délé ti fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orin. Yèyé fi ọ̀pá kanlẹ̀. “Odó mi rè é.” Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wọlé, ó mọ́, ó ga, kò bẹ̀rù nǹkan kan, ó ń kí ìyá rẹ̀. Ayọ̀délé jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń fárí. Ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orin náà láìsí ohùn, kò sì ṣìnà níbì kan. Ọkùnrin olórí ìdajì náà ń mi orí títí orin fi parí. Òun náà ló ní kí wọ́n tún un fi.

Lẹ́yìn èyí ni Ayọ̀délé nu ojú, ó ní, “Ìyàwó, yí orúkọ náà padà. Ta ló máa mọ̀ pé èmi ni?”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mi ò lè pe orúkọ yín.”

“Mi ò ní kó o pè é. Tẹ̀ ẹ́ ni mo wí.”

“Ọ̀kan náà ni ọwọ́ mi àti ẹnu mi.”

Ó yíjú sí Yèyé, bóyá ó rò pé ìyá á gbè é. Yèyé ní, “Orúkọ tí mo sọ ọ́, o gbé e lọ sí Òkè Ọya, o gbé e bọ̀ láìlóhùn. Èyí tí ùyàwó sọ ọ́ dúró sí ulé, ó bá ẹ tọ́jú ohùn. Má pààrọ̀ rẹ̀.” Ayọ̀délé gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà lé èjìká. Kò dúpẹ́, a sì gbé kọ̀ǹpútà padà sílé. Ṣùgbọ́n báàgì rẹ̀ kò jáde mọ́, ó jẹ iyán tútù náà tán. Onífárí ní tirẹ̀ ti tọrọ orin náà. Láti ọ̀dọ̀ onífárí ó wọ fóònù, láti fóònù ó wọ fóònù, bí wọ́n sì ṣe ń gbà á ni wọ́n ń gba orúkọ náà mọ́ ọn.

Èmi náà ti di ìyàwó ilé báyìí, mo sì ní àwọn ọkọ tèmi tí mi ò ń pe orúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà yẹn ti kú tipẹ́. Ayọ̀délé ti darúgbó, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jókòó sí tí oòrùn bá rọlẹ̀, á máa wo àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọjá. Láìpẹ́ yìí ọ̀kan nínú wọn wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ọmọ ibí, Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Odó ń dún nínú fóònù rẹ̀. Mo ní ta ló ń kọrin yìí? Ó ní, “Eyínmẹ́nugún ni, mà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ará ibí ni, wọ́n ní ó ti kú.” Mo yíjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n má baà rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ayọ̀délé ló fi ohùn tó ń họ yẹn bi í pé ṣé orin náà dùn. Ọmọ náà ní, “Ó dùn gan-an, sà. Orin àtijọ́ ni, ẹ lè má gbádùn rẹ̀.” Ayọ̀délé ní kí n mú èyí tó nípọn fún un, kí n má fún un ní èyí tó máa ya. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ, Ayọ̀délé fi ojú sìn ín títí odó fi jìnnà lójú títì.

“Tó o bá dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ,” ó ní, “bá mi kí i.”

Mo ní, “Ta ni kí n ní ó kí i?”

Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ṣì tò síbẹ̀. “Ní Eyínmẹ́nugún ní ó kú iṣẹ́.”